Ṣé o mọ̀ pé orúkọ rẹ lè jẹ gbèsè tí ìwọ kò jẹ?

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Amẹ́ríkà ń lo nọ́ńbà obìnrin kan ṣoṣo bíi pé tiwọn ni? Ọdún 1938 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà Social Security. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àpamọ́wọ́ ní ìlú Lockport, ìpínlẹ̀ New York, fẹ́ kí oníbàárà rí i pé káàdì tuntun náà wọ inú ọjà àwọn rẹ́gí. Ọ̀gá kan níbẹ̀ bá mú nọ́ńbà akọ̀wé rẹ̀ gangan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára káàdì àpẹẹrẹ, wọ́n sì ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú àpamọ́wọ́ tí wọ́n ń kó lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Woolworth káàkiri ilẹ̀ náà. Káàdì yìí kéré sí ojúlówó, pupa ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé àpẹẹrẹ ni. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1943, 5,755 ènìyàn ló ń lo nọ́ńbà náà níbi iṣẹ́ wọn. Lápapọ̀, ó lé ní 40,000 ènìyàn tó pè é ní tiwọn. Ìjọba fún akọ̀wé náà ní nọ́ńbà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn FBI ti wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Mo fi ìtàn yìí síwájú nítorí pé ó ti mọ́ wa lára, bí wọ́n bá fi orúkọ ẹnì kan lu jìbìtì, ká kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni ìwọ náà ṣe?” Akọ̀wé yìí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá rẹ̀ ló tú u síta. Nínú àwọn ọ̀ràn tó tóbi jù lọ nínú irú olè yìí, ọwọ́ ẹni tí a fún ní nǹkan wa tọ́jú ni nǹkan náà ti máa ń já bọ́.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan mẹ́ta péré ti tó láti dá ọ mọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀? Ní àárín ọdún 1990 sí 2000, ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, gómìnà William Weld sì fi ọkàn àwọn ará ìlú balẹ̀ pé kò séwu. Latanya Sweeney, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge, níbi tí gómìnà ń gbé. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Ẹyọ kan ló ń gbé ní àdúgbò tí kóòdù rẹ̀ bá ti gómìnà mu. Sweeney fi àkọsílẹ̀ àìsàn gómìnà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì gómìnà. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọdún 2000, ó rí i pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti kóòdù àdúgbò tó láti tọ́ka sí ìpín 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà, láì sí orúkọ níbẹ̀ rárá.

Wàyí o, wo pósítà ìsìnkú kan lára ògiri ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Orúkọ olóògbé wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n bí i, orúkọ ilé bàbá rẹ̀, àdírẹ́sì ilé tí wọ́n ti máa ṣe àìsùn, lẹ́yìn náà orúkọ gbogbo ọmọ, ọkọ ọmọ, aya ọmọ, àti ìlú tí kálukú ń gbé. Bí olóògbé bá jẹ́ ìyá, ẹni tó ka pósítà náà ti mọ orúkọ ìdílé tí ìyá ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ìbéèrè yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ báńkì ní London àti ní Houston ti máa ń bi àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó gbà pé àwọn ni wọ́n ń pè lórí fóònù. N kò ní sọ pé ká má kéde òkú wa mọ́, ẹ̀yẹ ìyá kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́. Báńkì tó bá fi orúkọ ìyá ṣe kọ́kọ́rọ́ ló rọ kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo àdúgbò ní.

Irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣí lẹ́tà ímeèlì Sarah Palin ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tó ń dupò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló ṣe é. Wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí obìnrin náà, kóòdù àdúgbò rẹ̀, àti ibi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2015, àwọn olùwádìí Google yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wò: bí wọ́n bá bi ẹni tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì pé oúnjẹ wo ló fẹ́ràn jù, àbá ẹyọ kan ṣoṣo tí olè bá dá yóò bá a mu ní ìgbà 19.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Pizza ni ìdáhùn tó wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá bi àwọn ọmọ Ìbàdàn, mo gbà pé àmàlà ni.

Ṣé o mọ̀ pé olè lè ra ìsọfúnni rẹ, kó sì gba rìsíìtì? Ilé iṣẹ́ ChoicePoint ní ìpínlẹ̀ Georgia ń kó ìsọfúnni ènìyàn jọ, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Àwọn gbájúẹ̀ bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí kò sí forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, wọ́n sanwó, wọ́n sì rà. Nígbà tí àṣírí tú ní 2005, ó lé ní 163,000 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń gbé ní California wà lára àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀, mo sì kọ ìyẹn síbí nítorí kò yẹ ká máa fò ó. Ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 10 dọ́là owó ìtanràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, àti mílíọ̀nù 5 láti fi tu àwọn tí wọ́n jà lólè nínú.

Ní New York, òṣìṣẹ́ kan tó ń dá oníbàárà lóhùn nílé iṣẹ́ sọ́fítíwià ló ta àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn tó lé ní 30,000. Nǹkan bí 30 dọ́là ni wọ́n ń fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tilẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọlé tó mọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni wọ́n jù ú sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, oníròyìn ìwé ìròyìn The Tribune ní Íńdíà san 500 rupee fún ẹnì kan tó pàdé lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi rí ọ̀nà wọ ibi tí àkọsílẹ̀ Aadhaar wà, èyí tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ará Íńdíà tó ju bílíọ̀nù kan lọ. Tiwa dínwó ju ìyẹn lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative sọ pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ní 100 náírà. Wọ́n rà á wò. NIN mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ wà lára ohun tí wọ́n rà, ti ọ̀gá àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú náà sì wà níbẹ̀. NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN, dáhùn pé kò sẹ́ni tó fọ́ ibi tí àwọn ń kó ìsọfúnni sí. Èsì yẹn ló dùn mí jù. Bí kò bá sí ẹni tó fọ́lé, a jẹ́ pé ẹni tí wọ́n fún láyè láti wọlé ló ń kó ẹrù jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńláńlá ń fi àwòrán gbogbo ìwé tó bá gba ojú rẹ̀ kọjá pamọ́ sínú ara rẹ̀? Ní 2010, àwọn oníròyìn CBS ra àlòkù mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Láti inú ọ̀kan, wọ́n yọ ìwé àwọn ọlọ́pàá ìlú Buffalo tó ń rí sí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀. Láti inú òmíràn, wọ́n yọ àkọsílẹ̀ àìsàn tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìlera kan. Ilé iṣẹ́ náà san ju mílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2013. Ìdí tó fi kàn wá ni pé ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lọ kò jìnnà sí wa. Àjọ Basel Action Network ṣèwádìí ní Èkó ní 2005, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n ra ibi ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lọ́jà wa, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ti lò ó rí nínú rẹ̀.

Bí a sì ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí, ìwé lásán náà ń ṣe é. Mo ra àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì tú u lórí tábìlì. Fóòmù tí ẹnì kan fi ṣí àkáǹtì ni wọ́n fi wé e. Epo ti mu fọ́tò rẹ̀ débi pé imú nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù rẹ̀ hàn, àdírẹ́sì rẹ̀ hàn, orúkọ àti nọ́ńbà àǹtí rẹ̀ tó fi sílẹ̀ bí ẹbí tó sún mọ́ ọn jù hàn, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì dúdú kirikiri nísàlẹ̀. Ìyá alákàrà kò mọ̀wé. Ó ra bébà ní kílò kílò lọ́wọ́ ẹni tó kó o jáde látinú ọ́fíìsì. Mo fi iná sun ún, ṣùgbọ́n ìdì bébà náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì ìyá alákàrà.

Ṣé o mọ̀ pé SIM rẹ lè sọ NIN àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì) rẹ fún ẹni tó jí i? Jẹ́ ká wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n já fóònù gbà lójú fèrèsé dáńfó ní Ọ̀ṣòdì. Ẹni tó ni fóònù náà ti tì í pa, ojú rẹ̀ nìkan ló lè ṣí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Olè kò tilẹ̀ fọwọ́ kan títì náà. Ó yọ SIM, ó kì í bọ inú fóònù kékeré olórí tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ *346#, NIN jáde. Ó tẹ *565*0#, BVN jáde. Ó wá lọ sórí app báńkì, ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Báńkì fi OTP, kóòdù ìgbà kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn, nọ́ńbà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. BVN nìkan kò lè gbé owó kúrò ní àkáǹtì ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí wọ́n fi dẹ́rù bà ọ́ tó. Nígbà tó bá pàdé SIM ni ewu dé.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé oògùn rẹ̀ ti wà lára SIM láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í sì í lò ó. Nínú ètò ààbò fóònù rẹ, ààyè wà láti fi PIN ti SIM fúnra rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá gbé e sínú fóònù mìíràn, PIN ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó di PUK, kóòdù tí a fi ń ṣí SIM tó bá ti tì. Bí wọ́n bá ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹwàá, SIM náà kú pátápátá. Tọ́jú ìwé tí wọ́n tẹ PUK sí. Ìyẹn kò dá àwọn tó ń lọ bá aṣojú ilé iṣẹ́ fóònù dúró o, àwọn tó ń parọ́ pé SIM àwọn sọnù kí wọ́n lè fún wọn ní tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ. Àmì tiwọn ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ yóò lọ pátá nígbà tí ti àwọn tó wà nítòsí rẹ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, má dúró de ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá mọ́. Fóònù ẹlòmíì ni kí o fi pe báńkì rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti ju ènìyàn sẹ́wọ̀n rí nítorí pé ó sọ pé òun ni òun?

Ní 1988, ọkùnrin méjì jọ ń tà nídìí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kan ní Albuquerque, ìpínlẹ̀ New Mexico. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ orúkọ èkejì. Ó fi orúkọ náà gbéyàwó, ó fún ọmọ rẹ̀ jẹ́, ó fi yáwó. Ní 2012, ó lo ohun tó rí lórí ojúlé ìtàn ìdílé láti gba ìwé ìbí onórúkọ láti Kentucky. Ó fi orúkọ náà gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lówó lórí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Iowa. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó fi gbé nínú orúkọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Onórúkọ gangan kò rọ́nà gbé e gbà. Kò nílé lórí, Los Angeles ló wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó wọ báńkì kan lọ, ó ní òun gbọ́ pé gbèsè wà lọ́rùn òun, òun kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí wọ́n bá òun ti àkáǹtì náà pa. Ó mú káàdì Social Security rẹ̀ dání àti ìwé ìdánimọ̀ California. Ojúlówó ni méjèèjì. Nítorí pé owó tó wà níbẹ̀ pọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì bi í ní àwọn ìbéèrè ààbò. Kò lè dáhùn. Báwo ni yóò ṣe dáhùn? Òun kọ́ ló ṣí àkáǹtì. Òṣìṣẹ́ náà bá pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí fáìlì. Olè ló gbé e, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n mú ẹni tó wá fẹjọ́ sùn.

Orúkọ olè ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bó ti ń sọ pé ìyẹn kọ́ ni orúkọ òun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó lo 428 ọjọ́ ní ẹ̀wọ̀n àti 147 ọjọ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti fún un ní oògùn. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2021, adájọ́ pàṣẹ pé orúkọ rẹ̀ “gidi” nìkan ni kó máa jẹ́, ìyẹn orúkọ olè. Kò dákẹ́. Ó wá ilé ìwòsàn tí olè náà ti ń ṣiṣẹ́ kàn, ó fẹjọ́ sùn níbẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá yunifásítì náà sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí: ó wá bàbá onórúkọ kàn ní Kentucky, ó sì ní kí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò pẹ̀lú ti ọkùnrin yìí. Ó bá a mu. Nígbà tí wọ́n bi olè náà pé kí ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ tó dá kì í ṣe ti bàbá onórúkọ. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 12 fún un. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ẹjọ́ yìí, inú máa ń bí mi sí i. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ purọ́ lójú wọn. Ẹni tó ní ìdáhùn lẹ́nu ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọ̀ràn náà sì ti pẹ́ láyé. Ní abúlé Artigat ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan wọlé ní 1556, ó ní òun ni Martin Guerre tó ti kúrò nílé láti 1548. Ìyàwó gbà á, ẹbí gbà á, ó bímọ. Ilé ẹjọ́ ìlú Toulouse ti fẹ́ dá a láre ní 1560 nígbà tí Martin Guerre gidi fi ẹsẹ̀ onígi wọlé. Wọ́n yẹgi fún aláfarawé náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ọmọdé ni olè fẹ́ràn? Ọmọ ọdún méjì kò ní gbèsè, kò sì ní béèrè fún ẹ̀yáwó títí yóò fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìwádìí kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní 2011 yẹ nọ́ńbà Social Security àwọn ọmọdé tó ju 40,000 lọ ní Amẹ́ríkà wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, mẹ́wàá ni ẹlòmíì ti ń lo nọ́ńbà wọn.

Ṣé o mọ̀ pé dọ́ọ̀tì inú àdírẹ́sì Gmail kò ṣe nǹkan kan? Bí o bá fi dọ́ọ̀tì há àárín àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ bó ṣe wù ọ́, àpótí kan náà ni gbogbo lẹ́tà yóò bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọba kò mọ ìyẹn, ó rò pé ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lásìkò Kòrónà ní 2020, olùrànlọ́wọ́ pàtàkì kan fún gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ọgbọ́n yìí béèrè owó ìrànwọ́ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Washington àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, lórúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú JFK, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2022. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba owó wà nílé rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́, ó lọ béèrè ìrànwọ́, wọ́n sọ fún un pé ó ti gbà á.

Fọ́tò ìka ọwọ́ pàápàá ti tó fún olè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ọmọ ẹgbẹ́ Chaos Computer Club kan ní Jámánì fi fọ́tò tí wọ́n yà níbi ìpàdé oníròyìn ṣe ẹ̀dà ìtẹ̀ka mínísítà ètò ààbò, Ursula von der Leyen. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ṣeé pààrọ̀. Àtàǹpàkò kò ṣeé pààrọ̀, ìtẹ̀ka mílíọ̀nù 5.6 ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n jí ní ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2015.

Títí di 1998, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ka ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Báńkì tó pàdánù owó ni wọ́n kà sí i. Tiwa dé ní 2015, nígbà tí òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ jíjí orúkọ onórúkọ lò di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wá fi kún un pé ilé iṣẹ́ tí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè pa onínǹkan lára, gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ tó ń bójú tó o láàárín wákàtí 72.

Ṣé o sì mọ̀ pé NIN kan wà tó ń kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta? vNIN ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 16 ni, ọ́fíìsì kan ṣoṣo tí o ṣe é fún ló lè lò ó, lẹ́yìn wákàtí 72 kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Láti 2022 ni NIMC ti gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń sọ pé àwọn kò fẹ́ ìyẹn, fọ́tòkọ́pì ni kí o mú wá. Bi wọ́n léèrè ibi tí fọ́tòkọ́pì náà yóò wà, àwọn tí yóò rí i, àti ọdún mélòó tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Òfin 2023 yẹn fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè gbogbo rẹ̀, ó sì di dandan fún wọn láti dáhùn.